Wọ́n ní wọ́n kó bàbá wa lọ sí ogun Bọ́mà, ṣùgbọ́n ìwé sọ pé fúnra wọn ni wọ́n lọ

Àrẹ̀mọ Ìlá:

Mo kí gbogbo ilé o, tọmọdé tàgbà. Ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ tí n kò mọ bí mo ṣe lè tú u, mo sì rò pé ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ogun Hitler yóò lè là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí ogun Bọ́mà. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ ọ nínú agbo ilé wa ní Ìlá Ọ̀ràngún pé ńṣe ni wọ́n kó wọn: pé bàbá ru ẹ̀kùrọ́ lọ sí ọjà lọ́jọ́ kan ní ọdún 1943, àwọn ọlọ́pàá ajẹ́lẹ̀ ká wọn mọ́ ọ̀nà, wọ́n tì wọ́n wọ ọkọ̀ ẹrù, ó di Ìbàdàn, ó di Èkó, ó di ojú òkun. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbi ìnáwó nìyẹn, bí a sì ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ tí a pín níbi ìsìnkú wọn náà nìyẹn.

Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí a fẹ́ tún òrùlé ilé ńlá ṣe, a rí àpótí pákó kan ní àjà. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà kan wà nínú rẹ̀ tí ó fẹ́ jọ bàbà, adé ọba wà láàárín rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ Bọ́mà sí i lára. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ àyà ṣì ń fi àwọ̀ pupa hàn láàárín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀ kan. Ìwé kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣi orúkọ bàbá kọ, ṣùgbọ́n àwọn náà ni: orúkọ Ìlá wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé àgbẹ̀ ni, pé ọmọ ogún ọdún ni, wọ́n sì kọ pélé tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sí ibi tí ó yẹ kí àmì ara wà. Ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé fínnúfíndọ̀ ni wọ́n fi wọ iṣẹ́ ọmọ ogun, àmì àtàǹpàkò wọn sì wà níwájú ọ̀rọ̀ náà, ó dúdú kirimú bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ṣé ìjọba òyìnbó a máa kó ènìyàn tipátipá, kí wọ́n sì tún mú un tẹ̀ka pé fúnra òun ni òun wá? Àbí ilé wa ni kò sọ òótọ́ fún wa láti bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn? Ẹnu bàbá fúnra wọn ni à bá ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti kú láti ọdún 1991, nígbà tí wọ́n sì wà láyé, wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ogun. Bí ọmọdé bá bi wọ́n, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kí ó lọ bu omi wá.

Tíṣà Àgbà:

Àrẹ̀mọ, ẹ kú àwárí o. Ẹ má ṣe dá ohun tí ẹ rí yẹn padà sínú àjà. Ẹ wá ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ fi ìwé náà sínú rẹ̀ kí kòkòrò tó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Kí a tó dá ilé lẹ́bi tàbí kí a dá ìwé lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ bí nǹkan ṣe rí lásìkò náà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun sí Jámánì ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kò pọ̀ rárá. Inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà ni wọ́n wà pẹ̀lú ti Gold Coast (Gánà òde òní), Sàró àti Gáḿbíà. Ítálì ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ bá jà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọ́n gba Kẹ́ńyà wọ Mogadishu ní oṣù kejì ọdún 1941, Addis Ababa sì bọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin. Nígbà tí Jàpáàn wá gba Màláyà (Màlésíà òde òní) àti Bọ́mà (tí à ń pè ní Myanmar lónìí) ní ọdún 1942, Gẹ̀ẹ́sì ń wá ẹni tí ó lè jà nínú igbó kìjikìji, tí ó sì lè ru ẹrù gba ibi tí ọkọ̀ kò lè dé. Wọ́n dá Dífíṣọ̀n 81, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan, sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1943, wọ́n sì dá Dífíṣọ̀n 82 sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Bí bàbá yín bá wọṣẹ́ ní 1943 lóòótọ́, àsìkò tí wọ́n ń wá ènìyàn lójú méjèèjì gan-an nìyẹn. Kí ogun náà tó parí, àwọn ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà ti tó bí 90,000.

Lójú òfin, fínnúfíndọ̀ ni àwọn tí ó lọ jagun fi lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin ń pè ní fínnúfíndọ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní òkè ọya, òyìnbó a ránṣẹ́ sí ọba pé iye ọkùnrin báyìí ni àwọn ń fẹ́, ọba a pín in fún àwọn baálẹ̀, baálẹ̀ a sì yan ẹni tí yóò lọ. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ yàn. Ní ìhà tiwa níhìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń wá jẹ́ àwọn tí ó ti mọ̀wé díẹ̀ tí wọn kò rí iṣẹ́, nítorí pé ogun nílò akọ̀wé, ó nílò awakọ̀, ó nílò ẹni tí yóò máa di ojú egbò àti ẹni tí yóò máa fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti ibùdó kan sí èkejì.

Ibi kan wà tí wọ́n ti kó ènìyàn ní tòótọ́, tí kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ìyẹn ibi ìwakùsà ní òkè Jos. Màláyà ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí tánganran tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó bọ́ sọ́wọ́ Jàpáàn, Jos ni wọ́n kọjú sí. Láàárín ọdún 1942 sí 1944, wọ́n fi òfin kó bí 100,000 ọkùnrin láti òkè ọya lọ síbẹ̀, àìsàn sì pa púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe ohun tí a lè fi pamọ́, gbogbo ilẹ̀ ló gbọ́ ọ. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá sọ pé "nígbà tí wọ́n ń kó ènìyàn", kì í ṣe pé ó ń lá àlá. Ó lè jẹ́ pé ti Jos ni ó dà pọ̀ mọ́ ti Bọ́mà lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́.

Ẹ tún wo ti oko. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti jẹ́ pé ìjọba nìkan ló ń ra kòkó, iye tí ó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń san. Ẹ̀kùrọ́ tí ẹ dárúkọ yẹn, àwọn ọmọ ilé-ìwé pàápàá ni wọ́n ń ní kí ó máa pa á nítorí ogun. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó ti irú oko bẹ́ẹ̀, tí ó wá rí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kákí, tí ó wọ bàtà, tí ṣílè sì ń dún lápò rẹ̀, ta ni kí a sọ pé ó yọ̀ǹda rẹ̀: òun ni, tàbí kòkó?

Ọmọ Ọlọ́wọ̀:

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ ẹnìkan gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí pé ìtàn tirẹ̀ wà ní gbangba, ìlú rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiwa. Olóògbé Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré nígbà tí ó wọ ṣọ́jà ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1942. Kò sí ọlọ́pàá tí ó lé e, kò sí baálẹ̀ tí ó yàn án. Kò fi lọ bàbá, kò fi lọ ìyá, ó kàn lọ ni, bí ọ̀dọ́ ti í ṣe. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà, kò sì wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi náà rù.

Ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí, lábẹ́ Dífíṣọ̀n 81. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, etí odò Kaladan ní Bọ́mà ni wọ́n wà nígbà tí àwọn Jàpáàn yọ sí wọn láti inú igbó. Ọta fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òmíràn gún un ní ikùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun àti ọmọ Sàró kan tí ń jẹ́ David Kargbo ni ẹ̀mí kù sí lára, kò sí èyí tí ó lè dìde rìn. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ ni wọ́n ń yọ́ gbé oúnjẹ fún wọn, títí tí àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman ni orúkọ rẹ̀, fi gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀, tí ó fi wọ́n pamọ́ sáàárín ìyàwó àti ọmọ. Bí Jàpáàn bá rí wọn níbẹ̀, gbogbo agbo ilé náà ni ì bá parun. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò padà dé ibẹ̀ títí di oṣù kejìlá ọdún náà.

Fadoyebo padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì dàgbà. Ní ọdún 2011, oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan mú lẹ́tà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman ní Bọ́mà, ó jẹ́ kí ó dúpẹ́ oore tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó fi ayé sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé nígbà tí ọmọkùnrin yìí tẹ̀ka ní Abẹ́òkúta, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó dárúkọ Kaladan fún un. Wọn kò tíì dá Dífíṣọ̀n 81 sílẹ̀ rárá nígbà náà. Kákí ni ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún, àti owó oṣù, àti àtirí ayé. Ohun tí ó bá pàdé kò sí nínú ìwé tí ó tẹ̀ka sí. Àrẹ̀mọ, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín bóyá àwọn òbí bàbá gbọ́ kí wọ́n tó lọ.

Kò-Gbà-Bẹ́ẹ̀:

Mo ní ọ̀wọ̀ fún Tíṣà, mo sì kí Ọmọ Ọlọ́wọ̀ fún ìtàn tó sọ, ṣùgbọ́n n kò lè bá yín pe ohun tí kì í ṣe fínnúfíndọ̀ ní fínnúfíndọ̀. Ẹni tí kò lè dìbò yan ẹni tí ń ṣe àkóso rẹ̀, tí ń san owó orí fún ọba tí kò rí rí, tí ẹni tí ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni ẹni tí ó ní ìbọn, irú yíyọ̀ǹda wo ni ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀? Bí mo bá dáná yí ọ ká, tí mo wá ṣílẹ̀kùn kan sílẹ̀, n kò lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wù ọ́ láti gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá.

Ẹ sì wo ohun tí wọ́n fi san án. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, owó ìdágbére tí wọ́n ṣírò fún ṣọ́jà funfun tí ipò rẹ̀ kéré jù lẹ́yìn ogun náà jẹ́ ṣílè mẹ́wàá fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó fi sìn. Dúdú tí wọ́n jọ wà ní ipò kan náà gba ṣílè mẹ́ta àti ààbọ̀. Ní Accra, ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn ajagunfẹ̀yìntì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n mú ìwé ẹ̀bẹ̀ dání, wọ́n ń lọ bá gómìnà nítorí ìlérí tí wọ́n ṣe fún wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó yìnbọn lù wọ́n ní oríta Christiansborg, àwọn mẹ́ta kú: Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrù Attipoe àti Odartey Lamptey. Àwọn tí Jàpáàn kò rí pa ni o.

N kò sì sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine, àwọn ọ̀dọ́ wa kan lọ sí ilé aṣojú ìjọba Ukraine ní Àbújá láti forúkọ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ lọ jà. Kò sí ajẹ́lẹ̀ kankan níbẹ̀, kò sì sí baálẹ̀. Nígbà tí àwọn kan gbọ́ pé àpò ara wọn ni ẹgbẹ̀rún dọ́là kan fún ìwé ìrìnnà àti ọkọ̀ òfurufú yóò ti jáde, ìtara wọn rọlẹ̀. Ìjọba tiwa náà sì kéde pé òun kò ní gbà á láyè. Ẹ bá mi bi àwọn ọmọ yẹn bóyá ìfẹ́ Ukraine ló gbé wọn dìde.

Àjàlá London:

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ Kò-Gbà-Bẹ́ẹ̀ ń dùn mí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ tán. Àwọn ọmọ wa kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń bẹ òyìnbó kí ó gba àwọn, tí òyìnbó kọ̀. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, òfin ilé iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ni pé aláwọ̀ funfun tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ funfun nìkan ni ó lè gba ipò ọ̀gá níbẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1939 ni wọ́n tó gbé e tì. Lẹ́yìn ìyẹn ni Peter Thomas láti Èkó fi di ọ̀gá nínú iṣẹ́ òfurufú náà. Akin Shenbanjo náà wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń ju bọ́ǹbù, tí wọ́n sì fún ní àmì-ẹ̀yẹ akọni. Nítorí tirẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kọ Achtung! The Black Prince (Ẹ ṣọ́ra! Ọmọ Ọba Dúdú) sí ara ọkọ̀ wọn.

Irú àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa. Bí a bá sọ pé kò sí ẹni tí ó fi inú ara rẹ̀ lọ, a ti gba ìpinnu wọn kúrò lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé àwa ọmọ wọn ni a gbà á lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá Ìbejì Mushin:

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti jà tán. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó kù sílé ńkọ́?

Bàbá ìyá mi wà nínú àwọn tí ń ru ẹrù ogun ní Dífíṣọ̀n 82. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó lọ sí Bọ́mà ló lọ gbé ìbọn. Ọ̀pọ̀ wọn, orí ni wọ́n fi jagun. Àmì tí wọ́n rán mọ́ èjìká aṣọ wọn ni ọ̀kọ̀ méjì tí ó gba inú òṣùká kọjá. Ẹ rò ó wò, òṣùká tí àwa obìnrin fi ń ru igi, ni wọ́n fi ṣe àmì ogun. Ti Dífíṣọ̀n 81 jẹ́ aláǹtakùn, Ananse ti àwọn ará Gánà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú àlọ́ tiwọn dà bí ti Ìjàpá nínú tiwa. Àwọn yẹn ni wọ́n fi ọwọ́ la ọ̀nà gba orí òkè, bíi máìlì márùndínlọ́gọ́rin, kí ọkọ̀ kékeré lè dé àfonífojì Kaladan, nígbà tí wọ́n sì dé ibẹ̀ tán, ojú ọ̀run ni oúnjẹ ti ń bọ́ sílẹ̀ fún wọn, ọkọ̀ òfurufú ló ń jù ú.

Ìyá-ìyá mi kì í pe bàbá ní ṣọ́jà. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ogun ni ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní oṣooṣù ni wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ gba apá kan owó oṣù ọkọ wọn, wọn a tẹ̀ka, akọ̀wé a ka owó náà sílẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Bí owó bá ti jáde, ọkọ wà láàyè. Wọ́n sọ fún mi pé ní oṣù kan, akọ̀wé ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, wọn kò sì lè rìn padà sílé lọ́jọ́ náà, abẹ́ igi tí ó wà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n sùn sí. Ìwé ni kò tètè dé, kò sí nǹkan mìíràn. Mo bi wọ́n rí pé ṣé bàbá gbàyè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó lọ wọṣẹ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ náà rò ó."

Àrẹ̀mọ, ọ̀rọ̀ kan kù. Ogun yẹn kò jìnnà sí wa bí a ṣe rò. Dòdán, bárékè ṣọ́jà tí ó wà ní Ọbáléndé, orúkọ ibì kan ní Bọ́mà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Letmauk tí ó wà ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, Arakan ní Àpápá, àti Myohaung ní Yábàá, ìlú tí Dífíṣọ̀n méjèèjì jọ gbà ní oṣù kìíní ọdún 1945. Mo ti gba ẹ̀yìn bárékè Letmauk kọjá fún ọdún méje kí n tó mọ̀ pé bàbá ìyá mi lè ti ru ẹrù gba Letmauk ti Bọ́mà.

Tíṣà Àgbà:

Kò-Gbà-Bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ ọ. N kò sọ pé iná kò sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ẹlòmíràn wà nínú ilé kan náà tí wọn kò gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá: wọ́n sá lọ sí abà, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, wọ́n dúró ti kòkó wọn pẹ̀lú ìyà. Bí ó bá jẹ́ iná nìkan ni, gbogbo wọn ni ì bá jáde. Ìdí tí ẹnìkan fi lọ tí ẹnìkejì rẹ̀ kò lọ, inú ilé kọ̀ọ̀kan ni ó wà, ìwé ìjọba kò lè sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè Ọmọ Ọlọ́wọ̀ fi dára.

Àrẹ̀mọ Ìlá:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti lọ sílé, mo sì ti gbọ́ ohun tí n kò retí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí ó dàgbà jù ṣì wà láyé, ọdún kejì lẹ́yìn tí bàbá ti ogun dé ni wọ́n bí wọn, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá ni wọ́n sì gbé dàgbà. Mo gbé ìwé náà lé wọn lọ́wọ́. Wọn kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àmì àtàǹpàkò náà hàn wọ́n, wọ́n fi àtàǹpàkò tiwọn lé e, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ ti rí i nìyẹn."

Bàbá nìkan ni ó kù fún ìyá rẹ̀ nínú ọmọ mẹ́fà. Ìyá kì í jẹ́ kí ó dá lọ sí odò nígbà tí ó wà ní kékeré. Títí tí ó fi hu irùngbọ̀n, oògùn ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀. Kò sí bí ó ṣe lè dúró níwájú obìnrin yẹn kí ó ní òun fẹ́ lọ sí ogun òyìnbó. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà lóko. Lọ́jọ́ ọjà, ó ru ẹ̀kùrọ́ ìyá rẹ̀, ó tà á, owó ẹ̀kùrọ́ náà ni àwọn méjèèjì sì fi wọ ọkọ̀ dé Ìbàdàn. Dókítà gba bàbá, kò gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí ojú rẹ̀ kan tí kò ríran dáadáa. Ọ̀rẹ́ yìí ni ó dá padà wálé, òun ni ó sì kó ẹjọ́ náà jọ ní ojú ọ̀nà: ọlọ́pàá, ọkọ̀ ẹrù, bí wọ́n ṣe nà wọ́n, bí òun ṣe sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, gbogbo agbo ilé sì gbà á gbọ́, nítorí ó jẹ́ ohun tí wọ́n ti ń gbọ́ pé ó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíràn.

Bàbá dé ní ọdún 1946. Kò sọ òótọ́ náà fún ìyá rẹ̀ títí ìyá fi kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó sọ ọ́ fún, lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá tán, ó sì ní kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ síta nígbà tí òun bá wà láàyè. Mo wá béèrè pé báwo ni bàbá ṣe fara da á ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kí ìyá máa sọ ìtàn náà níwájú rẹ̀. Wọ́n ní ìyá kì í sọ ọ́ lásán, ó máa ń ṣépè tẹ̀lé e ni. Bí ó bá ti ń bá a bọ̀ dé ibi tí yóò ti fi ẹni tí ó mú ọmọ òun kúrò nílé gégùn-ún, bàbá a ti dìde, a gbé kèrègbè, a ní òun ń lọ bu omi.